Ìwé orúkọ kan, àpò owó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: bí àwọn ẹgbẹ́ aláàánú Kétu ṣe lè jọ ṣiṣẹ́

Àánú kò wọ́n ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin. Nígbà ààwẹ̀, ìrẹsì ń jáde láti mọ́ṣáláṣí. Nígbà Kérésì, ṣọ́ọ̀ṣì ń pín aṣọ àti òróró. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Kútọnu àti Èkó ń fi owó ránṣẹ́. Síbẹ̀, opó tí ilé rẹ̀ wà létí títì lè gba ìrẹsì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí bàbá tí kò lè dìde nílẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Idigny kò ní rí ẹnikẹ́ni láti oṣù karùn-ún títí di oṣù keje, ìgbà tí àgbàdo èṣí ti tán tí tuntun kò tíì gbó. Ẹni tó sún mọ́ ẹgbẹ́ ni ẹgbẹ́ ń rí, kò sì sí ẹgbẹ́ tó mọ ohun tí èkejì ti ṣe.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ni kò dára: wọ́n á dá ẹgbẹ́ àgbà sílẹ̀, wọ́n á yan ààrẹ, wọ́n á ṣí àkáǹtì kan, ìjà owó á sì tú wọn ká kí ọdún tó yí po. Ẹ jẹ́ kí owó oníkálùkù wà lápò rẹ̀. Yàtọ̀ sí owó kékeré fún ìwé àti ìrìnnà, ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ jọ ní: ìwé orúkọ kan fún gbogbo àwọn aláìní, ìwé pélébé tí ẹ ó máa fi rán ènìyàn sí ara yín, àti àdéhùn lórí ẹni tó ń ṣe kí ni. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti dúró dáadáa fún ọdún kan, ẹ lè wá sọ̀rọ̀ àpapọ̀ owó. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó bá dé ibẹ̀ ló máa rí i pé àwọn kò nílò rẹ̀ mọ́.

Mímọ ẹni tó wà nílẹ̀

Ẹ má pe ìpàdé kankan kí ẹ tó lọ kí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí nílé wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó sàká, Caritas (ẹgbẹ́ àánú ìjọ Kátólíìkì), ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ìjọ Sẹ̀lẹ́, àwọn olùyọ̀ǹda Croix-Rouge (Àgbélébùú Pupa), ìyálọ́jà àti àwọn èèyàn rẹ̀, ẹgbẹ́ onízémi (àwọn ọlọ́kadà), àwọn ìyá tó ń dá àjọ. Ẹ má fojú kéré àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí. Onízémi ló mọ ojú ọ̀nà tí òjò ti bà jẹ́ àti ilé tí wọ́n ti gbé aláìsàn jáde lóru. Olórí àjọ ló kọ́kọ́ ń mọ ẹni tí kò rí owó àjọ dá mọ́, nítorí pé ìtìjú kò ní jẹ́ kí onítọ̀hún sọ ọ́ níbòmíràn.

Lẹ́yìn wọn, ẹ lọ bá àwọn ti ìjọba. Ọ́fíìsì Guichet Unique de Protection Sociale, GUPS, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn aláìní, ni àkọ́kọ́ (ọ̀pọ̀ ṣì ń pè é ní CPS, orúkọ rẹ̀ àtijọ́). Lẹ́yìn náà ni major (olórí nọ́ọ̀sì) ilé ìwòsàn, lẹ́yìn náà olùdarí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ kí Ààfin Alákétu àti àwọn baálẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣàlàyé fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìwé orúkọ sí ọwọ́ baálẹ̀ kankan láti kọ. A ó ṣàlàyé ìdí níwájú.

Ìbéèrè márùn-ún ni kí ẹ bi ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ lójú wọn: Irú ènìyàn wo ni ẹ ń ràn lọ́wọ́? Kí ni ẹ ń fún wọn gan-an, mélòó ni? Oṣù wo ni ọwọ́ yín máa ń gbẹ? Abúlé wo ni ẹ kì í dé? Ta ni ó lè sọ "bẹ́ẹ̀ ni" lórúkọ yín láìjẹ́ pé ó tún lọ bi ẹlòmíràn? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí kò láṣẹ ló ń jókòó sí ọ̀pọ̀ ìpàdé, ìdí nìyẹn tí ìpàdé fi ń bí ìpàdé.

Kọ́múùnù (ìjọba ìbílẹ̀) Kétu ní arrondissement (ẹ̀ka) mẹ́fà: Kétu fúnra rẹ̀, Adakplamè, Idigny, Kpankou, Odomèta àti Okpomèta. Ẹ mú méjì bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nínú ìgboro, ọ̀kan ní oko. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á ní ìwé tó kún fún orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò tíì lọ wò.

Ìpàdé àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ẹgbẹ́ mẹ́jọ lọ. Ẹ má ṣe é ní mọ́ṣáláṣí, ẹ má ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Yàrá kan ní ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ní ilé ìwòsàn ló dára. Ẹ yẹra fún ọ̀sán Jímọ̀, àárọ̀ ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ọjà, nítorí pé àwọn obìnrin ọlọ́jà tí ẹ nílò jù ni kò ní lè wá.

Àdéhùn ojú ewé kan

Kí ó má ju ojú ewé kan lọ, kí wọ́n kà á sókè ní Yorùbá àti ní Faransé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀: ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ná owó tirẹ̀, gbogbo ẹgbẹ́ ń kọ ohun tó bá fúnni sínú ìwé orúkọ láàárín ọjọ́ 7, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ béèrè ẹ̀sìn, ìbò tàbí owó lọ́wọ́ ẹni tó ń gba nǹkan, kò sí àwòrán ojú ẹni tó ń gbà, orúkọ ènìyàn méjì tó ń tọ́jú ìwé, àti bí ẹgbẹ́ ṣe lè jáde. Ẹ má jẹ́ kí a yan ààrẹ. Akọ̀wé kan àti igbákejì rẹ̀ tó, kí wọ́n wá láti ẹgbẹ́ méjì tó yàtọ̀, kí àyè náà sì máa yí láàárín ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá ti ṣí àkáǹtì àjùmọ̀ní, ìwé-ẹ̀rí tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti gbà lọ́dọ̀ ìjọba ni ó ń lò. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, Préfecture (ọ́fíìsì ìjọba ẹkùn) Plateau ní Pobè ni ẹ ó ti bèèrè ohun tí òfin fẹ́ lásìkò náà.

Ìwé orúkọ: ibi tí iṣẹ́ wà

Ìwé ńlá oníkáádì líle kan ló dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n iná ń lọ, fóònù ń sọnù, ẹni tó sì mọ̀ ọ́n lò nìkan ló lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ la ojú ewé náà sí àyè mẹ́wàá: nọ́ńbà, orúkọ, àpèlé, orúkọ ìyá, abúlé àti àmì ilé, fóònù, iye ènìyàn tó ń jẹun nínú ìkòkò kan, ìṣòro ní gbólóhùn kan, ohun tí a fún un àti ọjọ́, ẹgbẹ́ tó fún un.

Orúkọ ló ń da ìwé rú jù. Faransé ni a fi kọ orúkọ Yorùbá sínú ìwé ìjọba wa, oníkálùkù akọ̀wé sì kọ ọ́ bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ. Adéṣínà kan náà lè jẹ́ Adéchina nínú ìwé ìbí, Adessina lórí káàdì ilé ìwòsàn, Adesina lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó wà ní Nàìjíríà. Ògúndélé á di Ogoundélé. Tí ẹgbẹ́ mẹ́ta bá kọ ọ́ ní ọ̀nà mẹ́ta, ènìyàn mẹ́ta ni ìwé yóò rò pé ó wà. Òfin wa nìyí: ẹ kọ orúkọ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lórí ìwé rẹ̀ láti ANIP (ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìwé ìdánimọ̀), kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ (NPI) tí ó bá ní i tí ó sì gbà kí ẹ kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà kò ní ìwé kankan. Fún irú wọn, àpèlé àti orúkọ ìyá ni yóò yọ wọ́n: Ìyá Ìbejì pọ̀ ní abúlé kan, ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì tí ìyá tirẹ̀ ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn igi ìrókò, kò ju ẹyọ kan lọ.

Nọ́ńbà fóònù: láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2024, nọ́ńbà 10 ni a ń lò ní Benin, 01 ló ṣíwájú. Tí ẹ bá jogún ìwé orúkọ àtijọ́ tó ní nọ́ńbà 8, ẹ fi 01 sí iwájú gbogbo wọn kí ẹ tó sọ pé fóònù ẹnì kan kò lọ mọ́. Ẹ kọ ẹni tó ni fóònù náà pẹ̀lú. Fóònù tí ìyá àgbà fúnni sábà máa ń jẹ́ ti ọmọ-ọmọ tàbí ti aládùúgbò, ọ̀rọ̀ àṣírí kò sì gbọdọ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

Nọ́ńbà tí ẹ̀yin fúnra yín ń fúnni: lẹ́tà méjì fún arrondissement, nọ́ńbà mẹ́ta fún agbolé, nọ́ńbà kan fún ààrò. ID-014-2 ni ààrò kejì nínú agbolé kẹrìnlá ní Idigny. Ààrò ni kí ẹ máa kà, ẹ má ka baálé. Tí ọkùnrin kan bá ní ìyàwó mẹ́ta tí oníkálùkù ń dáná tirẹ̀, ìdílé mẹ́ta ni fún iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá kọ orúkọ bàbá nìkan, àpò àgbàdo kan ni yóò wọ agbolé náà, ìyàwó tí kò rí ojúure lọ́dọ̀ bàbá kò sì ní rí i fojú. Bákan náà ni ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ márùn-ún tí òbí wọn wà ní Èkó: ààrò tirẹ̀ dá dúró, kódà bí ó tilẹ̀ ń gbé nínú ilé ọmọ rẹ̀ tó ní alùpùpù.

Báwo ni orúkọ ṣe ń wọ ìwé? Ìpele mẹ́ta ni, ẹ má sì fo ọ̀kan.

Àkọ́kọ́, ẹ bi ènìyàn mẹ́ta ní abúlé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má gbọ́ ohun tí ara wọn sọ: obìnrin ọlọ́jà kan, olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kan, àti àgbà kan tí kì í ṣe baálẹ̀. Kí oníkálùkù dárúkọ ààrò 10 tí nǹkan le fún jù. Orúkọ tí ènìyàn méjì bá dá ni ẹ ó kọ́kọ́ lọ wò. Orúkọ tí ẹnì kan ṣoṣo dá náà ni kí ẹ lọ wò lẹ́yìn wọn, nítorí pé láàárín wọn ni ẹni tí ìlú ti gbàgbé wà. Ìdí tí a kò fi ní kí baálẹ̀ kọ ìwé fúnra rẹ̀ nìyí: bí ó ti wù kó ṣe olóòótọ́ tó, ẹbí rẹ̀ yóò bi í léèrè ìdí tí kò fi kọ wọ́n, kò sì ní ìdáhùn kan tí kò ní dá ìjà sílẹ̀. Ẹ gba ẹrù yẹn lórí rẹ̀.

Èkejì, ènìyàn méjì láti ẹgbẹ́ méjì ni yóò lọ sí ilé náà, kí ọ̀kan jẹ́ obìnrin. Ẹ kí wọn bí ó ti yẹ, ẹ jókòó, ẹ má fa ìwé yọ ní ẹnu ọ̀nà. "Ìyá, ẹ kú ilé o. A wá kí yín ni, a sì ní ìbéèrè díẹ̀ tí ẹ bá fún wa láyè. Bí ẹ kò bá fẹ́ dáhùn, kò sí ìbínú rárá." Ẹ béèrè iye ìgbà tí wọ́n dáná lánàá, ẹni tó ń mówó wálé, àwọn ọmọ tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, àìsàn, gbèsè. Ẹ fi ojú wo ohun tí ẹnu kò ní sọ: ibi tí a ń tọ́jú àgbàdo, ìkòkò, orí ilé, oògùn tó ti tán. Ẹ má ṣe ìlérí kankan níbẹ̀. Gbólóhùn "a ó padà wá" nìkan ti tó láti mú kí ìyá kan má lọ yá owó tó yẹ kó yá.

Ẹ̀kẹta, ìyọ̀ǹda. Ẹ sọ fún un ní Yorùbá tó yé e (tàbí ní Fọ̀n, tàbí ní èdè Fúlàní tí ó bá jẹ́ gáà ni ẹ lọ) ohun tí ẹ ó kọ, ẹgbẹ́ tí yóò rí i, àti pé ó lè ní kí ẹ pa á rẹ́ nígbàkúùgbà. Òfin Benin lórí èyí ni Code du numérique, loi n° 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 2018, APDP sì ni ilé-iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ọ. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ ìwé orúkọ láéláé: àrùn tí ẹnì kan ní tó jẹ mọ́ àṣírí, ìfipábánilòpọ̀, ìjà tọkọtaya, ẹ̀sùn àjẹ́. Kí ẹ kàn kọ "ọ̀rọ̀ àdáni, ẹ bi ẹgbẹ́ kan" kí ẹ sì dárúkọ ẹgbẹ́ tó mọ̀ ọ́n. Inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni ìwé ń sùn. Ohun tó ń jáde lọ sí WhatsApp kò ju nọ́ńbà, ọjọ́ àti ohun tí a fúnni lọ: "ID-014-2, 12/06, àgbàdo 30 kg." Orúkọ kò jáde.

Ìwé tí a kò tún wò láàárín oṣù mẹ́fà ti di irọ́. Ènìyàn ń kú, ń lọ Nàìjíríà, ń rí iṣẹ́. Ẹ wò ó ní oṣù kẹta, kí ìgbà ìyàn tó dé, àti ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fẹ́ wọlé.

Ìwé pélébé

Ẹ̀dà mẹ́ta ni kó ní, ẹ fi káábọ́nù sáàárín: ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí a ń rán, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ tó rán an, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ tó ń gbà á. Ìlà márùn-ún: nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé orúkọ, ohun tí a ń béèrè, ẹni tí yóò bá pàdé lórúkọ, ọjọ́ àti wákàtí, àyè fún èsì. Ẹ tẹ fóònù kí ẹ tó rán ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti fi ẹsẹ̀ rìn láti Kpankou dé Kétu tó bá ilẹ̀kùn títì kò ní wá lẹ́ẹ̀kejì, yóò sì sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé ẹ̀tàn ni gbogbo yín. Owó zémi àlọ àti àbọ̀ wà lára ìwé pélébé náà. Ẹgbẹ́ tó rán an ló ń san án.

Èsì gbọ́dọ̀ padà láàárín ọjọ́ 7. Ti pàjáwìrì, láàárín wákàtí 48. "A kò lè ṣe é" jẹ́ èsì tó dára. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń pa iṣẹ́. Lóṣooṣù, ẹ ka iye ìwé pélébé tó jáde àti iye tí èsì rẹ̀ padà. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ní ìpàdé.

Ẹ wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan ní kókó lẹ́sẹ̀ tí kò dùn ún, tó wá ń di egbò tó ń gbòòrò. Egbò Buruli lè bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àìdùn rẹ̀ ló sì ń jẹ́ kí òbí fi falẹ̀. Ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú rẹ̀ wà ní Pobè, oògùn apakòkòrò rẹ̀ sì gba ọ̀sẹ̀ 8. Oògùn nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ìyá ni yóò tẹ̀ lé ọmọ. Ta ni yóò dáná fún àwọn mẹ́ta tó kù nílé? Ta ni yóò ro oko? Tí kò bá sí ìdáhùn, ní ọ̀sẹ̀ kẹta ìyá á gbé ọmọ padà wálé. Nítorí náà, ìwé pélébé mẹ́ta ló ń jáde lọ́jọ́ kan náà: Croix-Rouge fún ìrìnàjò, Caritas fún oúnjẹ àwọn tó kù, ìyálọ́jà fún ẹnì kan tí yóò máa yọjú sí wọn lálẹ́. Olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ gba ẹ̀dà kan kí wọ́n má baà yọ ọmọ náà kúrò nínú ìwé. Ẹgbẹ́ kankan kò ná ju agbára rẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó ná owó ara yín, ẹ wo ohun tí ìjọba ti ń san. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kò gba owó ilé-ẹ̀kọ́ láti 2006. Láti 2009 ni ìjọba ti ń ru owó iṣẹ́ abẹ ìbímọ ní àwọn ilé ìwòsàn tí ó yàn. Ètò ARCH ní ìbánigbófò ìlera fún àwọn tó tálákà jù. Ohun tó sábà máa ń kù ni ìwé ìbí, owó ọkọ̀, aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹni tí yóò bá wọn dúró níwájú gìṣẹ́. Ẹgbẹ́ tó bá lè yan ènìyàn méjì tó mọ Faransé dáadáa láti máa sin àwọn àgbàlagbà lọ sí GUPS àti mairie (ọ́fíìsì kọ́múùnù) ti ṣe ju ẹni tó pín àpò ìrẹsì 20 lọ. Èrò tiwa nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ìwé pélébé kò tó fún. Tí ẹ bá rí ọmọ tí wọ́n ń lù, ọmọ vidomẹgọn (ọmọ tí òbí fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn) tí wọ́n ń lò nílòkulò, tàbí ọmọ tí wọ́n fẹ́ kó kọjá ààlà, ẹ má ṣe ìwádìí fúnra yín, ẹ má pe ẹbí jọ fún ìlàjà. GUPS àti ọlọ́pàá ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Òfin tó dáàbò bo ọmọdé, loi n° 2015-08 ti ọjọ́ 8 oṣù kejìlá 2015, ló gbé e lé wọn lọ́wọ́.

Oúnjẹ: ìṣirò àti ìtọ́jú

Ìwọ̀n tí àwọn àjọ ìrànlọ́wọ́ kárí ayé ń lò nínú ìwé Sphere ni kálórì 2,100 fún ẹnì kan lóòjọ́. Gíráàmù 400 àgbàdo tàbí ìrẹsì, 60 ẹ̀wà, 25 òróró àti 5 iyọ̀ ń fúnni ní nǹkan bí 1,800. Ẹ̀fọ́, ẹ̀gẹ́ àti ohun tí ilé bá rí ni yóò fi kún un. Fún ènìyàn 5 fún ọjọ́ 30, ìyẹn jẹ́ àgbàdo 60 kg, ẹ̀wà 9 kg, òróró bíi lítà 4, iyọ̀ 750 g. Ẹgbẹ́ díẹ̀ ló lè ru èyí fún ààrò púpọ̀. Ìdajì rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ìyàn sàn ju odindi rẹ̀ fún oṣù kan lọ, nítorí pé ẹbí tó bá mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ kò ní ta irúgbìn tàbí ewúrẹ́ rẹ̀.

Ẹ má fi tóńgólò (abọ́ ìwọ̀n ọlọ́jà) ṣe ìṣirò láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Tóńgólò tó kún dé orí yàtọ̀ sí èyí tí a fi igi gé, ti ọlọ́jà kan kò sì ṣe déédéé pẹ̀lú ti ẹlòmíràn. Ẹ mú ọ̀kan ṣoṣo, ẹ wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ara rẹ̀.

Ìgbà ìkórè ni kí ẹ ra àgbàdo, ìgbà ìyàn ni kí ẹ pín in. Àìgbẹ ló ń bà á jẹ́. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo àti iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ sínú ìgò gbígbẹ, ẹ pa á dé, ẹ mì í dáadáa, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú àgbàdo náà ju 15 nínú 100 lọ. Kí ó padà sínú oòrùn. Tí kò bá lẹ̀, ẹ ṣì sá a fún ọjọ́ kan sí méjì, torí pé 13 ni ó yẹ kí ó dé kí a tó kó o pamọ́. Àgbàdo tó bu lè ní májèlé tí sísè kì í mú kúrò, ẹ má fún ènìyàn, ẹ má fún adìẹ. Àpò PICS, èyí tó ní ọ̀rá méjì nínú àti àpò híhun lóde, ń pa kòkòrò láìsí oògùn nítorí pé kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rá tó bá ní ihò abẹ́rẹ́ kan kò wúlò mọ́: ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i kí ẹ tó lò ó, ẹ di ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ má sì ṣí i fún oṣù kan ó kéré tán. Orí pákó ni kí àpò wà, kí ó jìnnà sí ògiri. Èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde.

Sàká gba ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àwọn ẹ̀ka ènìyàn mẹ́jọ ni Kùránì yà á sọ́tọ̀ fún (Súrà 9, ẹsẹ 60), nítorí náà ẹ má bẹ ìgbìmọ̀ sàká pé kí ó fi san owó àga ìpàdé tàbí owó epo ọkọ̀. Sàká jíjá ààwẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ aláìní kí a tó kírun Ìtunu; kò lè dúró de ìpàdé oṣù. Ẹ jẹ́ kí mọ́ṣáláṣí pín tirẹ̀ bí òfin rẹ̀ ti là á, kí ó kàn kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ sínú ìwé orúkọ. Bí àwọn yòókù bá ti rí i, wọ́n á gbé tiwọn lọ sí oṣù mìíràn. Bákan náà ni owó tí ìjọ kó jọ nígbà Lẹ́ńtì.

Lọ́jọ́ pínpín, ẹ má pe gbogbo ènìyàn ní aago mẹ́jọ. Ogún ènìyàn ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, wákàtí tirẹ̀ lórí ìwé pélébé rẹ̀. Aláboyún, arúgbó àti akàndá ẹ̀dá kò tò rárá. Ẹni tí kò lè wá, onízémi ló ń gbé e lọ fún un, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí kan. Àtàǹpàkò tàbí ìbuwọ́lù lójú ènìyàn méjì. Kò sí bánà tó ní orúkọ ẹgbẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ olóṣèlú. Tí ìbò bá ku oṣù mẹ́ta, ẹ kọ ẹ̀bùn olóṣèlú pátápátá, bó ti wù kó pọ̀ tó.

Owó

Ẹgbẹ́ tó fẹ́ sanwó fún ilé ìwòsàn, kí ó san án ní ilé ìwòsàn, kí ó gba rìsíìtì. Àpò kékeré kan ṣoṣo ni kí ẹ jọ ní: ti ìwé, káábọ́nù, káàdì ìpè àti zémi iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe (ti ẹni tí a fi ìwé pélébé rán kò sí nínú rẹ̀). Oníkálùkù dá iye kan náà sí i lóṣù, ènìyàn méjì ń ka owó, ẹnì kẹta ń kọ ọ́, wọ́n sì ń ka àkọsílẹ̀ sókè ní ìpàdé.

Tí ẹ bá ń fi MoMo, Moov Money tàbí Celtiis Cash ránṣẹ́ sí aláìní, ẹ wo orúkọ tó jáde lójú fóònù kí ẹ tó tẹ kóòdù. Tí kò bá bá èyí tó wà nínú ìwé mu, ẹ dúró, ẹ pè é. Ẹ fi owó tí wọ́n ń yọ nígbà gbígbà kún un, kí iye tí ẹ sọ lè pé lọ́wọ́ rẹ̀. Kí SIM tí ẹ fi ń ránṣẹ́ má jẹ́ èyí tí akọ̀wé fi ń ra ẹran jẹ.

Ẹ̀sùn, àti ìgbà tí ẹgbẹ́ kan bá kúrò

Àpótí ẹ̀sùn kò wúlò fún ẹni tí kò lè kọ̀wé. Ẹ yan obìnrin kan àti ọkùnrin kan tí kì í pín nǹkan, kí gbogbo abúlé mọ orúkọ àti fóònù wọn. Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ ni pé "wọ́n kọ orúkọ mi, n kò rí nǹkan": ìwé pélébé tí èsì rẹ̀ kò padà ló sábà máa ń fà á, ẹ wá a níbẹ̀ kí ẹ tó bínú sí ẹnikẹ́ni. Èyí tó wúwo jù ni pé ẹni tó ń pín béèrè owó tàbí ara obìnrin. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, láìdúró de ìpàdé, ọlọ́pàá sì ni ó kàn.

Alátìlẹ́yìn láti òkè òkun lè ní kí ẹ fi orúkọ àti àwòrán ránṣẹ́ kí òun tó sanwó. Ẹ fún un ní iye ààrò, iye ènìyàn, nọ́ńbà àti rìsíìtì. Tí ó bá kọ̀, owó náà kò yẹ yín.

Tí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ jáde, oṣù kan ni kí ó fi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó parí ìwé pélébé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá ẹ̀dà gbogbo nọ́ńbà padà, ó sì pa èyí tó wà nínú fóònù rẹ̀ rẹ́ lójú akọ̀wé. Ẹgbẹ́ méjì ni yóò pín àwọn ààrò tó ń tọ́jú láàárín ara wọn ní ìpàdé kan náà, kí wọ́n sì lọ kí ààrò kọ̀ọ̀kan nílé kí oṣù tó tán.